Pílákì onígi àti onídẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde: àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Láàárín ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí wà, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀ ni pílákì, ife-ẹ̀yẹ àti oríṣiríṣi àmì-ẹ̀yẹ fún ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́. Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, Àgọ́-Ìwòyè, tí a sì ń gbé ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, la gbé iṣẹ́ fún wọn nígbà tí a fẹ́ bu ọlá fún àwọn kan nínú wa, àwọn kan nítorí ohun tí wọ́n ṣe fún ìlú, àwọn mìíràn nítorí ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ wọn dé. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ṣètò ayẹyẹ náà, nítorí náà ọwọ́ mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ àti oníṣẹ́ gbà kọjá.

Ìdájọ́ mi kò ṣòro láti sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára, ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi tún dára ju iṣẹ́ ọwọ́ náà lọ, àpótí tí wọ́n ń kó ọjà sí kò dára rárá, ẹni tí ọjọ́ ayẹyẹ rẹ̀ bá sì ti wọlé dé tán kò gbọdọ̀ gba ọ̀dọ̀ wọn lọ. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé oníṣẹ́ ọwọ́ kékeré ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kí àlébù tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí di ohun tí ẹnì kan yóò fi ba ọjà wọn jẹ́. Ohun tó jẹ mí lógún ni kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú ayẹyẹ yìí mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́, ìbáà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbáà sì ṣe ní Ṣàgámù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà bi wá kì í ṣe ti igi tàbí ti gíláàsì, kì í sì í ṣe ti owó. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọdún wo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn jáde?” Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ilé-ìwé wa yóò rò pé ó kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ ni. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ni orúkọ tí wọ́n fi dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní ọdún 1982, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, akọ̀ròyìn tó di gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2001 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ìwé náà. Nítorí náà, ẹni tó jáde ní ọdún 1990 kò ní orúkọ Ọ̀nàbáńjọ lórí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, àwọn àgbà kan sì wà láàárín wa tí ọmọ OSU (Ogun State University) ni wọ́n ṣì ń pe ara wọn títí di òní, tí wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú orúkọ yẹn. Ọ̀gá náà ṣàlàyé pé kì í ṣe ilé-ìwé tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ní agbègbè yìí. Tai Solarin tó wà ní Ìjagun jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó di yunifásítì ní ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ sì ti gbà á sọ́wọ́ ní ọdún 2025, èyí tó mú kí orúkọ rẹ̀ tún yí díẹ̀. Babcock tó wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ kò di yunifásítì títí di ọdún 1999, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ Adventist ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ láti ọdún 1959. Ẹni tó bá ń ṣe pílákì fún gbogbo wọn kò lè ṣe é kí ó má mọ èyí, ṣùgbọ́n mo ti rí oníṣẹ́ tí kò bìkítà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ fún wa tẹ́ mi lọ́rùn: wọ́n fi orúkọ tí ilé-ìwé ń jẹ́ lónìí sí òkè pílákì, wọ́n sì fi lẹ́tà kéékèèké kọ orúkọ tí ó ń jẹ́ lọ́dún tí ẹni náà jáde sí abẹ́ orúkọ onítọ̀hún, pẹ̀lú ọdún náà gan-an.

Ìbéèrè kejì ló wúlò jù. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń fún oníbàárà, ojú ewé kan péré, tó ń béèrè lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: kí ni ó ṣe, níbo ni ó ti ṣe é, àwọn wo ni ó ṣe é fún, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ wa kò fẹ́ràn fọ́ọ̀mù náà rárá. Alága ti kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí a fín sí ara gbogbo pílákì: “Fún ipa ribiribi tí ẹ kó nínú ìdàgbàsókè àwùjọ àti nínú iṣẹ́ ìmọ̀ yín.” Gbólóhùn náà dùn ún gbọ́, kò sì sí ẹni tí kò ní bá mu, ibẹ̀ gan-an ni àlébù rẹ̀ wà. Ẹ wọ pálọ̀ àwọn ènìyàn jàǹkàn-jàǹkàn nílẹ̀ yìí, pílákì pọ̀ lára ògiri débi pé kò sí àyè fún kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà wọ́n láti òkè délẹ̀, ẹ kò ní mọ ohun tí onílé ṣe.

Nígbà tí a dáhùn àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà tán, ọ̀rọ̀ yí padà. Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín àwọn tí a fẹ́ yẹ́ sí, tó máa ń lọ sí ọjà abúlé kan lẹ́bàá Òdògbolú lọ́jọ́ ọjà láti wọn ìfúnpá àwọn ìyá arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì máa ń kọ orúkọ àwọn tí tiwọn ga sílẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n dé ilé ìwòsàn lóòótọ́. Ohun tí wọ́n fín sí ara pílákì rẹ̀ nìyẹn, ní gbólóhùn kan, pẹ̀lú orúkọ ọjà náà. Oníṣirò owó kan ti bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò gàrí tún ìwé owó wọn ṣe láìgba kọ́bọ̀. Pílákì tirẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ti àwọn tí a fẹ́ yẹ́ sí nítorí àṣeyọrí lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣòro díẹ̀, nítorí pé ipò ni àwa máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: ọ̀gá àgbà, adájọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà gbà wá nímọ̀ràn pé ká fi ipò sí ìlà kejì, ká fi iṣẹ́ sí ìlà àkọ́kọ́, nítorí pé ènìyàn lè kúrò ní ipò lọ́la, àmọ́ ohun tí ó ti ṣe kò ní yí padà. Báyìí ni pílákì apòògùn kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbà yunifásítì wa tó wà ní Ṣàgámù ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ti kọ́ níṣẹ́, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń darí sì wá tẹ̀ lé e. Apòògùn náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìlà àkọ́kọ́ yẹn ni òun ń fi han àlejò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀gá náà, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni ìwà yìí ti wá. Ẹni tó bá dàgbà sínú ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, mọ̀ pé lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí wọ́n ń lọ kí ọba, aṣọ àti ẹṣin ni àlejò ń wò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe fún ìlú ni àwọn onílé fi ń sọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù náà ní: kò sọ fún oníbàárà pé ọ̀rọ̀ tó bá ti ju ìwọ̀n tí wọ́n kà mọ́ owó lọ, wọn yóò gba owó lé e. Ìgbà tí a fẹ́ san àṣẹ́kù ni a tó rí i lórí rìsíìtì. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ ibẹ̀ la ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ oyè “Dókítà” tún wáyé. Ọ̀kan nínú àwọn tí a fẹ́ yẹ́ sí ti gba oyè dókítà ìdánilọ́lá lọ́dọ̀ yunifásítì mìíràn, àwọn ẹbí rẹ̀ sì fẹ́ kí a fi “Dókítà” ṣíwájú orúkọ rẹ̀ lára idẹ. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà kò jiyàn, ó kàn béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ bóyá èyí tí a fi ìwé kíkà gbà ni. Ní ọdún 2012, àwọn gíwá yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà pàdé ní Keffi, ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tí a fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá lọ́lá kò gbọdọ̀ máa fi ṣíwájú orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a máa fi í fún ẹni tó ṣì wà nípò ìjọba. Ìgbìmọ̀ gbà pé ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní yunifásítì kò yẹ kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò rú àdéhùn àwọn yunifásítì. Olóyè ni a kọ, nítorí pé olóyè ni wọ́n lóòótọ́ nílùú wọn, àwọn ẹbí sì gbà bẹ́ẹ̀ láìbínú.

Nípa ohun tí wọ́n fi ń ṣe pílákì, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú wa. Acrylic ló pọ̀ jù lọ́jà lónìí, ìyẹn ike tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń fi iná lésà gé sí ìrísí tó bá wu oníbàárà. Ó fúyẹ́, kì í fọ́ bọ̀rọ̀, ó sì yá láti ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń tètè họ, àti pé ọtí inú sípíríìtì tàbí ti oje ìfọwọ́ apakòkòrò lè mú kí etí rẹ̀ tí lésà gé là wẹ́wẹ́. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú láti fi nu eruku ara pílákì. Omi tó mọ́ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ ló yẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní kírísítálì, gíláàsì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, gíláàsì tó mọ́, tó sì wúwo. Wọ́n lè fi yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń tì fín ojú rẹ̀, wọ́n sì lè fi lésà kọ̀wé sí àárín rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ họ. Ó rẹwà púpọ̀ lábẹ́ iná gbọ̀ngàn. Lójú tèmi, inú gbọ̀ngàn náà ni ẹwà rẹ̀ parí sí, nítorí pé lẹ́tà inú gíláàsì kò ní àwọ̀, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kò sì lè kà á nílé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ń yẹ́ sí ni wọ́n ti kọjá ọgọ́ta ọdún.

Igi àti idẹ la mú. Kí oníbàárà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ pílákì onígi tó wà lọ́jà kì í ṣe igi gidi. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gúlúù pò, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ ni, èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń pè ní MDF, tí wọ́n wá fi bébà tàbí awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lójú. Bí omi bá kàn án létí, yóò wú, kò sì ní padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù yìí ní MDF fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, wọn kì í sì í purọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí a lè rí i. Wọ́n tún ní mélínà, igi aláwọ̀ fífẹ́ẹ́ tí wọ́n gbìn lọ súà sínú igbó ọba Ọmọ̀ ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, tí owó rẹ̀ dínkù, tó sì rọrùn fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọ̀gánwó ni èyí tí a mú. Àwọ̀ pupa rẹ̀ kò nílò kíkùn, idẹ sì máa ń yọ lára rẹ̀ dáadáa.

Idẹ ni ibi tó yẹ kí ojú oníbàárà là sí jù. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń lò, wọ́n sì ń gba owó idẹ lé e lórí. Ẹ fi ẹnu ìṣó fa ìlà kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀: bí funfun bá yọ lábẹ́ àwọ̀ náà, alumíníọ̀mù ni, bí ó bá pọ́n títí wọnú, idẹ ni, ìyẹn bàbà àti síńkì tí a pò pọ̀. Mo ṣe é níwájú ọ̀gá náà, ó sì fún mi ní ìṣó fúnra rẹ̀. Idẹ kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹdan Òṣùgbó, ìyẹn ère idẹ ẹgbẹ́ Ògbóni nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ dà látijọ́ ṣì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé, tí ọjọ́ orí wọn sì ju ti yunifásítì èyíkéyìí nílẹ̀ yìí lọ, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé idẹ kì í pẹ́ kò rí ẹ̀rí fi tì í. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣú bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ohun èlò idẹ yóò dá a padà, ṣùgbọ́n tiwa yìí, wọ́n ti fi fáníìṣì bo ojú rẹ̀, eérú yóò sì họ fáníìṣì náà, ibi tó bá ti họ ni yóò máa ṣú ní àbàwọ́n-àbàwọ́n. Ọ̀gá náà sọ èyí fún mi lẹ́nu. Kò sí ìwé ìtọ́jú kankan nínú àpótí tí yóò sọ ọ́ fún ẹni tó gba pílákì, ìyẹn sì kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé ìyàwó ilé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa nu pílákì náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí mo ti fi iyì fún wọn jù ni lẹ́tà. Ẹgbẹ́ ti pinnu pé Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára pílákì yóò jẹ́, ẹni tó bá sì ti gbé iṣẹ́ Yorùbá fún atẹ̀wé rí mọ ohun tí ojú ń rí. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà gbogbo èdè mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a óò fi àmì ohùn lé orí lẹ́tà tó ti ní àmì lábẹ́. Fọ́ńtì tí wọn kò ṣe dáadáa yóò gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó gbé e lé orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo síbẹ̀. Lórí bébà, a lè fi bírò tún un ṣe. Lára idẹ, kò sí àtúnṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ń lo CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán, bí ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ya àwọn fọ́ńtì tó gba àmì Yorùbá sọ́tọ̀, bí ó bá sì ti tẹ ọ̀rọ̀ náà tán, yóò sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán kí kọ̀ǹpútà mìíràn má baà pààrọ̀ fọ́ńtì náà. Ó tún mú kí àmì abẹ́ lẹ́tà tóbi díẹ̀ ju bí fọ́ńtì ṣe fi í sílẹ̀ lọ, nítorí pé àmì tó bá kéré jù máa ń dí nígbà tí wọ́n bá ki kíkùn dúdú sínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ó ní ẹnu iṣẹ́ ni òun ti mọ̀ ọ́n.

Ní ti orúkọ, wọ́n kọ̀ láti fi ọwọ́ ara wọn fi àmì sí orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ara rẹ̀ bí ó ṣe fẹ́ kí ó rí, kí ó sì buwọ́ lù ú. Ó bọ́gbọ́n mu. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ tí a ń lò nísinsìnyí, síbẹ̀ ẹni tí bàbá rẹ̀ ti ń kọ Shonibare láti ayébáyé lè máà fẹ́ rí Ṣónibárẹ́ lára idẹ, ẹlòmíràn sì wà tí inú rẹ̀ yóò dùn láti rí orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà láàárín àwọn tiwa, ohun tí olúkúlùkù sì fẹ́ ni wọ́n fín.

Mo dé orí àkókò báyìí, níbi tí ìyìn mi ti dínkù. Lésà tó ń gé ike kò lè fín idẹ. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ni ti idẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní fiber laser, ṣọ́ọ̀bù náà kò sì ní in. Èkó ni wọ́n ń gbé idẹ lọ fún fínfín, wọn yóò wá gbé e padà sí Ìjẹ̀bú-Òde láti kàn án mọ́ igi. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, àmọ́ wọn kò sọ fún wa nígbà tí wọ́n ń dá ọjọ́. Ọjọ́ àdéhùn kọjá, wọn kò pè wá; àwa la fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìdáhùn tó sì wá ni pé kò sí iná lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Ọ̀sán ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni àwọn pílákì tó kẹ́yìn dé, nígbà tí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ti parí iṣẹ́ wọn. Oníṣẹ́ tó bá sọ òótọ́ nípa ibi tí iṣẹ́ yóò gbà, ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí i bí ó bá béèrè fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. N kò lè forí jì wọ́n lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn, pàápàá jù lọ nígbà tí a ti san ìdajì owó sílẹ̀.

Àpótí náà ńkọ́? Páálí fẹ́lẹ́ ni, tí wọ́n fi àrán pupa tẹ́ nínú, kò sì sí fóòmù kankan tí yóò di igun pílákì mú. Ọ̀gánwó wúwo. Bí ènìyàn bá gbé àpótí náà dání níbi ìdè rẹ̀, ìsàlẹ̀ yóò là. Igun pílákì kan ti pàdánù awẹ́ kékeré kí ó tó dé orí tábìlì, ẹni tó sì ń gbé nílẹ̀ òkèèrè nínú àwọn tí a yẹ́ sí ní láti fi aṣọ òkè rẹ̀ wé tirẹ̀ nínú báàgì kí ó lè bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n gba èyí tó ní àbùkù padà, wọ́n tún un ṣe láìgba owó, igun náà sì dán débi pé ojú kò lè mọ ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n páálí tó nípọn ìbá ti gba gbogbo wa lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí a kò ṣètò fún. Níbi irú ayẹyẹ báyìí, ìwé-ìyìn gígùn ni wọ́n máa ń kà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé orúkọ àwọn ọmọ, títí àwọn ènìyàn yóò fi máa yà sídìí ìkọ́kọrẹ́. Ìwé-ìyìn tiwa wà lọ́wọ́ olùdarí ètò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́ ó gbé e tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lára pílákì fúnra rẹ̀, nítorí pé ó kúrú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó ka orúkọ ọjà tí nọ́ọ̀sì yẹn ti ń wọn ìfúnpá, àwọn ìyá kan ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ní, “Ọjà tiwa nìyẹn o!” Kò sí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n wá. Alága tí kò fẹ́ràn fọ́ọ̀mù náà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, n kò sì tíì gbọ́ kí wọ́n tún mẹ́nu kan gbólóhùn tiwọn mọ́.

Owó wọn ga. Pílákì ọ̀gánwó àti idẹ gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti acrylic níbẹ̀ kan náà, ẹgbẹ́ tó bá sì gbé iṣẹ́ lọ sí Ṣómólú ní Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, lè rí i ní owó tó kéré sí èyí. Ẹni tó bá fẹ́ pílákì púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, Ṣómólú ló yẹ kó lọ, kí ó sì mú ẹni tó mọ àmì ohùn Yorùbá dání. Ẹgbẹ́ tí àwọn tó fẹ́ yẹ́ sí kò bá pọ̀, tó sì fẹ́ kí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe hàn kedere, ṣọ́ọ̀bù Ìjẹ̀bú-Òde yìí ni n óò tọ́ka sí, pẹ̀lú àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ lórí ọjọ́, iye ọ̀rọ̀ àti àpótí. Kí wọ́n má gbé iṣẹ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí Iléyá bá ti sún mọ́, nítorí pé ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, iṣẹ́ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni yóò sì ti gba gbogbo tábìlì. Oṣù Kejìlá náà kò dára. Ọjọ́ Ajé sí Sátidé ni wọ́n ń ṣí, àyàfi pé ọ̀gá náà kì í sí nílé ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kọ̀ǹpútà yẹn ni ẹ óò bá, òun náà sì lè gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín.